Ṣé Ó Tọ́ Kí Ẹni Tó Ń Wáṣẹ́ Ra Iṣẹ́?

Ọ̀tan Ayégbajú, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni àwọn méjì yìí ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì wà lára àwọn tó máa ń ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Àbúrò kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní pólì Ìrèé, ó ṣe agùnbánirọ̀ tán, láti ìgbà náà ló sì ti ń wáṣẹ́. Ọkùnrin kan ní Àbújá ti ní kí wọ́n mú owó wá kí òun bá a wá sílọ́ọ̀tì, ìyẹn àyè iṣẹ́ kan, níbi iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ ta oko kòkó.

ÀBÚRÒ: Bọ̀dá mi, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n gbà síṣẹ́ ládùúgbò yìí tí kò lẹ́ni tó dúró fún un?

Ẹ̀GBỌ́N: Èló ni ọkùnrin náà ní kẹ́ ẹ mú wá?

ÀBÚRÒ: Gbogbo ohun tí oko náà bá pa ló máa lọ sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ nìkan kọ́ lo ni oko. Àwọn àbúrò rẹ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Màá san án padà fún wọn nínú owó oṣù mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Owó oṣù wo? Láti 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí. Ká tiẹ̀ sọ pé tìrẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yọ owó ilé, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ kúrò níbẹ̀. Kí ló kù tí yóò ra oko padà? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹni tó bá ra iṣẹ́ yóò wá owó rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Fún àpẹẹrẹ, bí wọ́n bá gbé ọ lọ sí ẹnubodè, àwọn oníṣòwò tó ń kọjá níbẹ̀ ni yóò san owó oko bàbá rẹ.

ÀBÚRÒ: Ẹ ti sọ mí dolè kí n tó débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìjọba fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, iléeṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n kó àwọn tó ń wáṣẹ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè. Wọ́n ti gba ₦1,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000, iṣẹ́ tó wà kò tó 5,000. Èrò tẹ ara wọn pa ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna, ní Benin. Àwọn tó kú lé ní mẹ́wàá, aboyún wà nínú wọn. Ṣé àwa tí wọ́n ṣe irú èyí sí ni ẹ fẹ́ wá kọ́ ní òdodo?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwà ìkà gbáà ni, n kò ní gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n fojú inú wo ọ̀kan nínú àwọn tó lọ sí pápá lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí bàbá rẹ̀ kò ní oko tí yóò tà. Sílọ́ọ̀tì tí o bá rà, ọwọ́ ẹni yẹn lo ti gbà á. Òun àti ìwọ lẹ jọ jìyà, òun lo sì fẹ́ yọ lẹ́sẹ̀. Ká má sì gbàgbé òfin: òfin ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ti ọdún 2000 kò fi ẹni tó san àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 7 wà níbẹ̀ fún un.

ÀBÚRÒ: Òfin ò bà mí lẹ́rù tó bí ọdún tó ń lọ yìí. Ó ti sú mi, Bọ̀dá. Mo kọ̀wé títí, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ká ní wọ́n tiẹ̀ kọ̀wé pé rárá ni, màá mọ̀ pé ẹnì kan kà á.

Ẹ̀GBỌ́N: Mú èyí tí o kọ kẹ́yìn wá kí n rí i. Báńkì lo kọ ọ́ sí, àbí?

ÀBÚRÒ: Bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Wo ìlà kẹta. O ní inú rẹ yóò dùn láti kọ́ àwọn ọmọ iléèwé wọn ní ìṣirò. Lẹ́tà iléèwé lo gbé fún báńkì. Tí a bá ń ka lẹ́tà, ibi irú ìlà báyìí la máa ń kà dé tí a fi ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. O mọṣẹ́, àárẹ̀ ló kọ lẹ́tà yìí.

ÀBÚRÒ: Dátà òru ni mo fi ń ṣe é, torí pé òun ló pọ́ọ́kú. Ibi gbogbo tí mo bá ti rí ìkéde ni mò ń fi ránṣẹ́ sí kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn náà màá sùn di ọ̀sán.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìlú kékeré kan wà ní Ọ́síríà, nítòsí Vienna, tí wọ́n ń pè ní Marienthal. Iléeṣẹ́ aṣọ kan ló ń bọ́ gbogbo ìlú, ó sì kógbá sílé. Marie Jahoda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣèwádìí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń gbé, wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní 1933. Èèyàn á rò pé ẹni tí kò níṣẹ́ yóò ráyè kàwé. Ilé ìkàwé ìlú kò gbowó mọ́, síbẹ̀ ìwé tí wọ́n ń yá dín kù tó bí ìdajì. Àwọn ọkùnrin ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lójú títì, bí o bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fi àárọ̀ ṣe, wọn ò rí i sọ. Àwọn obìnrin ṣì ń yára rìn, torí pé iṣẹ́ ilé ò jẹ́ kí ọjọ́ wọn bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bó ṣe bọ́ mọ́ ìwọ náà lọ́wọ́ nìyẹn. Fún ìwáṣẹ́ ní wákàtí tirẹ̀, àárọ̀ ni kó jẹ́, kó sì lópin. Lẹ́tà kan tí o ronú sí ju ogún tí o fi oorun kọ lọ. Fa ìlà sínú ìwé: ibi tí o kọ ọ́ sí, ohun tí wọ́n ń fẹ́, ọjọ́ tí wàá tún béèrè. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, pa á dé, kí o lọ ṣiṣẹ́.

ÀBÚRÒ: Iṣẹ́ wo? Òun náà ni mò ń wá!

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó wà níbí, ta ló ń ṣe ìwé owó wọn? Àwọn elépo, àwọn oníkòkó?

ÀBÚRÒ: Kí n gba HND, kí n wá máa kọ̀wé fún elépo? Wọ́n á ní kí n wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, torí pé ọmọ ìlú ni mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Má ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Dá iye lé e, bó ti wù kó kéré mọ.

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ pé ẹ ó bá mi sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ yín kan ní Òṣogbo. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti sílọ́ọ̀tì? Ẹni tí kò mọ ọ̀rẹ́ yín ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìbéèrè tó lágbára nìyẹn. Ohun tí mo bá fojú rí nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí. Bí mo bá sọ pé o mọ ìwé owó ṣe, tí n kò rí ọ níbi tí o ti ṣe é rí, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni tèmi náà, bí owó ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń lé ọ lọ bá àwọn elépo nìyẹn. Mark Granovetter, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1973 pé nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbọ́ nípa iṣẹ́ wọn lẹ́nu èèyàn, àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ ju àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń rí déédéé. Ẹni tí ẹ jọ ń jẹ, tí ẹ jọ ń mu, ohun tí o mọ̀ lòun náà mọ̀. Oníkòkó tó ń lọ sí Ìlá, tó ń lọ sí Ìbàdàn, yóò gbọ́ ohun tí èmi àti ìwọ ò lè gbọ́ níbí.

ÀBÚRÒ: Bí mo bá ṣe gbogbo èyí, tí iṣẹ́ ò sì dé?

Ẹ̀GBỌ́N: N kò lè ṣèlérí pé yóò dé. Ẹni tó bá ṣe irú ìlérí yẹn, owó rẹ ló ń wá.

ÀBÚRÒ: Màá sọ fún bàbá mi kí wọ́n má ta oko. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ bá mi bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó ṣì wà ní ọ́fíìsì sọ̀rọ̀. Kí wọ́n máa dáhùn. Ìlà kan tó, kí wọ́n ṣáà sọ pé àwọn rí lẹ́tà wa, àwọn ò sì gbà wá. Dídákẹ́ tí wọ́n ń dákẹ́ ló ń lé wa lọ bá àwọn tó ń ta iṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Òótọ́ lo sọ, gbèsè ni wọ́n jẹ yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́, tí lẹ́tà ń dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àwọn ọmọ wa lóhùn.