ÀWÒRÁN TÍ A BÁ NÍLẸ̀

Kíkà: 2 Àwọn Ọba 22:1-13

Ẹ̀yin olùfẹ́, ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀ yìí. Bí ẹni tó ṣáájú wa bá fi àwòrán lé wa lọ́wọ́, tí a sì wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀, kí ni ó tọ́ ká ṣe? Ṣé ká tẹ̀ lé e bó ṣe wà ni, nítorí ọ̀wọ̀? Àbí ká tún un ṣe?

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kíkan àwòṣe ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbádùn ara wọn lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Wọn a ra páálí kan. Inú rẹ̀ ni wọn a ti bá igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, pákó pẹlẹbẹ tí a ti gé sílẹ̀ fún egungun ọkọ̀, okùn, ìbọn àgbá kéékèèké, àti ìwé àwòrán tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Iṣẹ́ náà lè gba oṣù púpọ̀, ó tilẹ̀ lè gba ọdún. Nígbà tó bá parí, wọn a gbé e sórí tábìlì, wọn a sì kọ orúkọ ọkọ̀ náà sábẹ́ rẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n kọ yẹn ló mú ọ̀rọ̀ wa wá. Ẹni tó bá kọ orúkọ ọkọ̀ kan sábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ́rìí. Ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wò ó ni pé, báyìí ni ọkọ̀ náà rí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Vasa ni orúkọ rẹ̀. Ọba Gustav II Adolf ti ilẹ̀ Swídìn ló ní kí wọ́n kàn án fún ogun. Ó gùn tó mítà 69, wọ́n sì ṣe é kó lè gbé ìbọn àgbá 64. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1628, ó ta ìgbòkun fún ìgbà àkọ́kọ́ ní èbúté Stockholm. Kò tíì lọ ju bíi mítà 1,300 tí afẹ́fẹ́ fi gbé e dẹ̀gbẹ́. Omi gba ojú ihò ìbọn wọlé, ọkọ̀ sì rì lójú àwọn èrò tó wá wòran. Nǹkan bí 30 ènìyàn ló bá a lọ. Ó wà nísàlẹ̀ omi fún ọdún 333, títí wọ́n fi gbé e jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1961. Igi rẹ̀ kò jẹrà. Ó wà nínú mùsíọ́mù ní Stockholm títí di òní, ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó.

Láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n gbé e jáde ni àwọn oníṣòwò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta páálí àwòṣe rẹ̀. Ìwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni nígbà náà. Omi ti fọ ọ̀dà ara ọkọ̀ náà dànù, àwọn onímọ̀ sì gbà pé búlúù ni wọ́n fi kun ẹ̀yìn rẹ̀, tí àwọn ère tí wọ́n fi wúrà bò wá wà lórí búlúù náà. Láti bí ọdún 1990 wá ni àwọn tó ń yẹ igi náà wò fínnífínní ti rí ìyókù ọ̀dà díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn ihò igi. Pupa ni! Àwọn ère náà kò sì jẹ́ wúrà nìkan. Oríṣiríṣi àwọ̀ ni wọ́n fi kùn wọ́n bí ènìyàn tó wọṣọ.

Wàyí o, ẹnì kan jókòó lónìí pẹ̀lú páálí àtijọ́. Búlúù ni ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń wí. Pupa ni ọkọ̀ tó wà ní Stockholm ń wí. Ohùn mẹ́ta ló máa ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohùn kìíní ń sọ pé, "Ṣe ohun tí ìwé wí. Ẹni tó yà á mọ̀ jù ọ́ lọ." Ohùn yìí jọ ìrẹ̀lẹ̀. Lóòótọ́, ẹni tí kò mọ̀, tó tẹ̀ lé ohun tí wọ́n fún un, kò parọ́. Ẹni tó ya àwòrán náà pàápàá kò parọ́, ohun tí ìgbà rẹ̀ mọ̀ ló yà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ẹni tí kò mọ̀ máa ń yí padà di irọ́ nígbà tó bá dé ọwọ́ ẹni tó mọ̀. Búlúù kan náà ni lórí ọkọ̀ méjì, síbẹ̀ ọkùnrin kan fi òtítọ́ inú kùn ún, èkejì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ó sì kùn ún.

Ohùn kejì ń sọ pé, "Ta ló máa mọ̀?" Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Àlejò tó wọ pálọ̀ yóò yin iṣẹ́ náà, yóò sì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn án ti mọ̀. Ní ojoojúmọ́ tó bá kọjá níwájú tábìlì náà, òun ni yóò máa ka orúkọ tó kọ síbẹ̀.

Ohùn kẹta ń sọ pé, "Òpùrọ́ ni ẹni tó ya ìwé yìí. Jù ú síná." Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣọ́ra fún ohùn yìí. Igi inú páálí náà dára. Púpọ̀ nínú àwòrán náà tọ̀nà. Ẹni tó yà á ló jẹ́ ká ní ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìwádìí tuntun bá sì lè fi hàn pé àwọn onímọ̀ àná ṣìnà, ó yẹ kí àwa náà fi ìrẹ̀lẹ̀ di ohun tí a mọ̀ lónìí mú. A lè tọ́ka sí àṣìṣe baba láìbú baba.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa: àkókò. Egungun ọkọ̀ ló ń pinnu bí ara rẹ̀ yóò ṣe rí. Wọn a kọ́kọ́ to pákó egungun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọn a rẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ sómi kó lè rọ̀, wọn a tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun, wọn a sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Nínú àwòṣe tí ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 75 tóbi jù, mìlímítà 1 lórí tábìlì dúró fún sẹ̀ǹtímítà 7 àti ààbọ̀ lára ọkọ̀ gidi. Bí egungun kan bá yẹ̀, a lè fi sáńpépà tún un ṣe kí a tó lẹ igi bò ó. Lẹ́yìn tí a bá ti lẹ igi bò ó, àfi ká ya gbogbo rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ tún kíyè sí èyí. Wọ́n rí rúlà mẹ́rin nínú Vasa, èyí tí àwọn tó kàn án lò. Méjì tẹ̀ lé ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ Swídìn, tí wọ́n pín sí íǹṣì 12. Méjì tẹ̀ lé ẹsẹ̀ bàtà Amsterdam, tí wọ́n pín sí íǹṣì 11, tó sì kúrú ju ti Swídìn lọ. Apá òsì àti apá ọ̀tún ọkọ̀ náà kò dọ́gba. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwòṣe Vasa tó jóòótọ́ kò gbọdọ̀ tọ́ ọ ju bí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe tọ́ lọ. Bó bá mú kí apá méjèèjì dọ́gba nítorí ẹwà, òun náà ti ya àwòrán èké tirẹ̀. Títún nǹkan ṣe kò túmọ̀ sí pé ká ṣe é bó ṣe wù wá. Ìwé kọ́ ni ìwọ̀n wa, ojú wa kọ́ sì ni. Ọkọ̀ gidi ni ìwọ̀n.

Ẹnì kan lè sọ pé eré ọwọ́dilẹ̀ lásán ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ ká wo ọkọ̀ gidi náà wò. Òkè rẹ̀ wúwo jù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì lè gbà á dúró. Kó tó gbéra, wọ́n ní kí 30 ọkùnrin sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ọkọ̀ náà mì débi pé wọ́n ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ọ̀gágun Klas Fleming wà níbẹ̀, ó fojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n ọba wà lójú ogun lókèèrè, ó ń kánjú, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti fọwọ́ sí ìwọ̀n ọkọ̀ náà. Wọ́n jẹ́ kó lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, oníkálùkù ní òun ṣe ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe. Henrik Hybertsson, ọ̀gá àwọn tó kàn án, ti kú ní ọdún 1627. Wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Gbogbo wọn ló tẹ̀ lé ìwé, nǹkan bí 30 ènìyàn ló sì kú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo àwòrán tó wà lọ́wọ́ tiwa. Baba wa ti sọ pé títí dé ìdí igi ọsàn ni ilẹ̀ wa dé. Baba ti sùn. Àwọn sọ̀fíyọ̀ wá, wọ́n rí òkúta ààlà, a sì rí i pé ìdí igi ọsàn yẹn, ilẹ̀ opó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni. Baba kò parọ́, bí wọ́n ṣe sọ fún un ló sọ. Ṣùgbọ́n àwa ti rí òkúta. Bí a bá gbé búlọ́ọ̀kù síbẹ̀ lọ́la, orúkọ baba kọ́ ni a fi kọ́lé, irọ́ tiwa ni. Kí ìpìlẹ̀ tó jáde ni ó rọrùn láti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí a bá kan páànù tán, yóò di ẹjọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá tó kọ́ wa pé díẹ̀ báyìí ni sìmẹ́ńtì tó yẹ kó wọ inú yanrìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdílé tó ń sọ pé ọmọbìnrin kì í pín nínú ogún, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ má jẹ́ kó bá a lọ́wọ́ wa.

Nínú ìwé tí a kà lónìí, ọdún kejìdínlógún tí Jòsáyà ti ń jọba ni wọ́n tó rí Ìwé Òfin nínú tẹ́ḿpìlì. Ìwọ̀n gidi ti wà nínú ilé láti ọjọ́ yìí wá, àwòrán tí a bá nílẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n kà á fún un, ọba kò wí pé, "Bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é nìyí." Ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Bí a bá ti kan tiwa kọjá ibi tí a ti lè tú u, òtítọ́ ṣì ṣeé sọ. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò lè yí egungun ọkọ̀ rẹ̀ padà mọ́ lè kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ náà pé, àwòrán àtijọ́ ni mo tẹ̀ lé, ibi báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò dínkù. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní ṣìnà.

RONÚ: Kí ni mò ń ṣe lónìí nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni mo bá a, tí mo sì ti mọ̀ pé kò tọ̀nà? Ṣé egungun rẹ̀ ṣì wà níta, àbí mo ti ń lẹ igi bò ó?

ÀDÚRÀ: Baba, fún mi ní ojú láti rí ìwọ̀n tòótọ́, àti ìgboyà láti sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, ní orúkọ Jésù. Àmín.