Èébú tí Àwùjọ Gbà Láàyè

Èébú kì í ṣe ohun kan náà nígbà gbogbo. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, ọmọdé lè fi ojú ara kọrin bú àgbà n'Íbàdàn, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Bílẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, àfojúdi gbáà ni orin kan náà. Ti Ẹ̀fẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni apá òru nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kà mọ́ ogún aráyé ní 2008. Abẹ́ àṣẹ àwọn ìyá tí ọdún náà ń bọlá fún ni òṣèré ti ń tú àṣírí oníwàkiwà, kò yọ ìjòyè pàápàá sílẹ̀. Gbangba ló ti ń sọ ọ́, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́. Èébú tí a ń bu ẹni tí kò sí níjòkòó kò ní irú ẹ̀tọ́ yìí; ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni, kì í tún ìlú ṣe.