Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ọmọ Bi Olùkọ́ Ìṣirò Léèrè Ìdí?

Ìbéèrè kan wà tí àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í sábà bi ara wa: nígbà tí ọmọ bá gba òfin ìṣirò kan gbọ́ kìkì nítorí pé olùkọ́ ni ó sọ ọ́, ǹjẹ́ ọmọ náà mọ nǹkan kan? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kí a lè ta ọkàn ọmọ jí sí ìṣirò, kí a máa yìn ín, kí a sì máa ṣèlérí fún un pé yóò di ẹnjiníà tàbí dókítà. Àwa kò kọ èyí. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun tí ń ta ọkàn ọmọ jí ju ìlérí lọ ni ẹ̀tọ́ tí a bá fún un láti yẹ ohun tí a sọ fún un wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orin lẹ́nu àwọn ọmọ wa pé moins par moins donne plus. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, kíláàsì á pa rọ́rọ́.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé. Obìnrin kan jẹ ẹni mẹ́ta ní gbèsè lọ́jà, 2 000 fráǹkì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí méjì nínú wọn bá dárí gbèsè náà jì í, kò sí ẹni tí ó fi owó lé e lọ́wọ́, síbẹ̀ ó ti fi 4 000 fráǹkì sàn ju ti àná lọ. A mú gbèsè kúrò lẹ́ẹ̀mejì, ó di èrè: (−2) × (−2 000) = 4 000. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń tajà yóò ti lóye rẹ̀ kí a tó nu pátákó. Ó sì lè ta kò wá, kí ó ní gbèsè kì í ṣe nọ́ńbà, àpèjúwe kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Inú wa yóò dùn bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀! Nígbà náà ni a ó fi hàn án pé 3 + (−3) jẹ́ 0, pé ohun tí a bá sì sọ di púpọ̀ pẹ̀lú 0, 0 ni yóò jẹ́. Nítorí náà (−2) × 3 àti (−2) × (−3), bí a bá rò wọ́n pọ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Àkọ́kọ́ jẹ́ −6. Èkejì kò lè jẹ́ ohun mìíràn bí kò ṣe 6. Olùkọ́ kọ́ ni ó pa á láṣẹ. Olùkọ́ pàápàá kò lè yí i padà.

Àwọn òbí kan yóò sọ pé ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ láti máa bi àgbà léèrè ìdí, àrífín ni ó ń kọ́ ọ. A kò gbọdọ̀ fi ojú yẹpẹrẹ wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ti tọ́ àwa náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn ayé, ọ̀rọ̀ àgbà tó fún ọmọdé, nítorí pé àgbà ti rí ohun tí ọmọdé kò tí ì rí: ó mọ oko tí omi máa ń bò, ó mọ ilé tí a kì í bá dá àna. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò, ohun gbogbo wà lórí pátákó lójú gbogbo wa. Ogún ọdún tí olùkọ́ fi ju ọmọ lọ kò fi nǹkan kan kún òtítọ́ ìlà kẹta. Ọmọ tí ó dìde, tí ó ní, “Ẹ má bínú, Músíè, ìlà kẹta kò bá ìlà kejì mu,” kò tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ìlà ni ó bá wí.

Àṣà wa mọ irú àyè bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó ní ọ̀sán, olórin a dúró ní gbangba ọjà, a sì sọ ìwà àbùkù tí ìlú rí, ìbáà ṣe ti olówó tàbí ti olóyè. A kì í pè é ní aláfojúdi, nítorí pé ìlú ni ó fún un ní àyè. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní iyebíye fún gbogbo ayé, a sì ń yangàn nítorí rẹ̀. Ó ṣòro láti fi alẹ́ ẹ̀fẹ̀ yangàn, kí a sì wí fún ọmọ pé kí ó pa ẹnu mọ́ nínú kíláàsì ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀.

Ibi tí ó ti nira ni ti àkókò. Kíláàsì kún, ètò ẹ̀kọ́ gùn, BEPC kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ọmọ kan lè jẹ ààbọ̀ wákàtí, kí àwọn ìyókù máa wo ojú fèrèsé. Ǹjẹ́ ó tọ́ sí wọn? Kò tọ́ ní gbogbo ìgbà, kò sì sí olùkọ́ tí ó lè sọ ìdí gbogbo òfin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ń ná wa. Ọmọ tí a ní kí ó jókòó ní sixième nítorí pé ó bèèrè ìdí lè dé ìparí troisième kí ó yan série A, kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ràn èdè tàbí ìtàn, bí kò ṣe nítorí pé ó ti gbà pé àwọn kan ni a dá ìṣirò fún. Ẹni tí ó fi ìfẹ́ yan série A yàn dáadáa. Ẹni tí ó sá lọ síbẹ̀, ẹnìkan ni ó lé e.

Wilfrid Gangbo, tí a bí ní Àjàṣẹ́, tí ó sì ń kọ́ni ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ìbéèrè kan tí Gaspard Monge, ará Faransé, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1781: báwo ni a ṣe lè kó òkìtì yẹ̀pẹ̀ lọ dí kòtò kí wàhálà rẹ̀ sì kéré jù lọ? A gbé irú rẹ̀ kékeré kan síwájú àwọn ọmọ wa. Òkìtì méjì tí ó dọ́gba wà lójú ọ̀nà kan, ní mítà 0 àti mítà 1. Kòtò méjì wà ní mítà 2 àti mítà 3. Òkìtì wo ni kí a kó lọ sínú kòtò wo? Wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, ariwo sọ, títí ọmọbìnrin kan fi kọ ọ́ sórí pátákó pé 2 + 2 jẹ́ 4, 3 + 1 náà sì jẹ́ 4. Gbogbo wọn dákẹ́. Nígbà náà ni ọ̀kan láti ìjókòó ẹ̀yìn bèèrè pé, bí ọ̀nà jíjìn bá ń rẹni ju bí ó ti gùn lọ ńkọ́, tí mítà 1 ń gba agbára 1, tí mítà 2 ń gba 4, tí mítà 3 sì ń gba 9? A na ẹfun ìkọ̀wé sí i.