Ta Ni Olè?

Ní Jàmáíkà ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, àwọn olówó ẹrú a máa kéde ìsáǹsá nínú ìwé ìròyìn. Bí ó bá jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, mọlémọlé tàbí ẹni tí ń kan àgbá ṣúgà, wọn a dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ó lè fi í jẹun ní Kingston bí òmìnira.

Ǹjẹ́ olè ni onítọ̀hún? Òfin ìgbà náà ka òun àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí dúkìá olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkéde náà tako òfin: dúkìá kì í gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kì í sá. Ẹni tí a ń bẹ̀rù ọgbọ́n rẹ̀, ènìyàn ni.

Nígbà tí òfin 1833 pàṣẹ ìtúsílẹ̀, mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn olówó ẹrú. Ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Ta wá ni olè?