Ìdúróṣinṣin Nínú Ẹ̀sìn: Ṣé Oríkunkun Ni Àbí Ìtẹríba?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó fi ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe ìkẹ́ fún wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ìbéèrè kan wà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi wá ní ilé-kéú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ lọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ní Èkó, tí ẹ wá sílé ṣe ọdún. Ẹ ń béèrè pé báwo ni ènìyàn ṣe ń dúró ṣinṣin nínú ẹ̀sìn. Bí a bá wò ó dáadáa, oríṣi ènìyàn méjì ni ó ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yẹ̀. Ó gbé ìrun wákàtí márùn-ún kúrò nílé, nígbà tí yóò fi padà dé, ó ku ti Jímọ̀ nìkan. Èkejì ni ẹni tí ẹ̀sìn tirẹ̀ ti le koko. Ó kọ́ hádíìsì díẹ̀, ó padà délé, kò sì sí ẹni tí ó tún já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò mọ Fátíhà kà, ìyá rẹ̀ kò mọ hijáàbù wọ̀, lẹ́mọ́mù àdúgbò kò mọ nǹkan kan. Òun nìkan ni ó dúró ṣinṣin.

Èrò tiwa ni pé àìsàn kan náà ni ó ń ṣe àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó pa ìrun tì àti ẹni tí ó ń fi ìrun yangàn, ìrẹ̀lẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé.

Nínú Súúrà Baqarah, àáyà 45, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ láti máa fi sùúrù àti ìrun wá ìrànlọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Ó jẹ́ kí á mọ̀ pé ìrun wúwo, àfi fún àwọn olùtẹríba. Ẹ kíyè sí i. Kò sọ pé kò wúwo fún alágbára. Kò sọ pé kò wúwo fún onímọ̀. Olùtẹríba nìkan ni Ó yọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé òun ni ó ni ara òun, tí ó rò pé oorun òwúrọ̀ jẹ́ tòun, tí àkókò jẹ́ tòun, bí ẹrù ni ìrun Súbùhì yóò ṣe máa rí fún un. Ṣùgbọ́n ẹrú mọ̀ pé àkókò kì í ṣe tòun. Bí olówó rẹ̀ bá pè é, yóò dìde.

Ẹ rántí ìtàn Ìbílíìsì. Kì í ṣe pé kò mọ Ọlọ́hun. Ó mọ̀ Ọ́n, ó sì bá A sọ̀rọ̀. Ìforíkanlẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí ó ṣe. Ó ní òun kò ṣe é, pé iná ni Ọlọ́hun fi dá òun, amọ̀ ni Ó sì fi dá Ànábì Ádámà. Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní olónìí. Bí ó bá jẹ́ pé kí ènìyàn dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìyẹsẹ̀ nìkan ni à ń pè ní ìdúróṣinṣin, a jẹ́ pé Ìbílíìsì ni aṣáájú àwọn adúróṣinṣin. Oríkunkun ni tirẹ̀. Ìdúróṣinṣin yàtọ̀ sí i.

Kí wá ni ìdúróṣinṣin tòótọ́? Ẹ jẹ́ kí á gba ọ̀nà ọjà Àpòmù wá a lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, ọjà ńlá ni ọjà Àpòmù. Ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé nà á. Ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń jí ọmọ ọlọ́mọ gbé, tí wọ́n ń tà wọ́n lẹ́rú. Ọ̀rọ̀ ìjínigbé yìí wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Láti inú àwọn ogun ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti di ẹrú tí wọ́n kó kọjá òkun lọ sí Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Àwọn Mùsùlùmí wà nínú wọn. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa náà, Ìmàle, ni.

Kí ni ó kù fún ẹrú ní Bahia? Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ẹbí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ mìíràn. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń kírun. Wọ́n ń gba aawẹ̀ Ramadan, wọ́n sì ń pé jọ ṣínu. Wọ́n kọ́ ahéré kan sí ẹ̀yìn ilé oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan ní àdúgbò Vitória, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n wó o ní òpin ọdún 1834. Àgbàlagbà tí ó fi ọ̀sán gangan ru ẹrù ní ìgboro yóò jókòó lálẹ́ bí ọmọ ilé-kéú, yóò mú wàláà, yóò sì máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Fátíhà. Nínú àwọn ìwé tí ọlọ́pàá kó nílé wọn, ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ hàn gbangba. Ilé ìpamọ́ ìwé ti ìjọba Bahia ṣì ní nínú wọn di òní. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, mélòó nínú wa ni ojú kò ní tì láti jókòó tún Fátíhà kọ́ níwájú àwọn ọmọdé? Ìrẹ̀lẹ̀ àwọn ẹrú yẹn ni ó gba ẹ̀sìn wọn là.

Ààfáà àgbàlagbà kan wà láàárín wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pacífico Licutan. Ọmọ Yorùbá ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn Mùsùlùmí dá owó jọ láti ra òmìnira rẹ̀, olówó rẹ̀ kọ̀. Nígbà tí gbèsè wọ olówó rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n gbé Licutan sí ẹ̀wọ̀n títí tí wọn yóò fi rí i tà. Ní ẹ̀wọ̀n náà, àwọn ènìyàn kò yé wá kí i, tí wọ́n ń kúnlẹ̀ gba àdúrà. Ní ọjọ́ 25 oṣù January, ọdún 1835, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn Ramadan, àwọn Mùsùlùmí Bahia dìde láti gba ara wọn lọ́wọ́ oko ẹrú. Wọn kò ṣẹ́gun. Bí 70 nínú wọn ni ó kú. A kò mú ìtàn yìí wá láti fi pe ẹnikẹ́ni sí ìjà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ gbọ́. Wọ́n mú Licutan wá síwájú adájọ́, wọ́n bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní Bílálì ni òun. Adájọ́ ní òun mọ̀ pé Licutan ni. Ó fèsì pé lóòótọ́ ni wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó bá wu òun ni òun lè jẹ́. Kò fa ẹnikẹ́ni nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ẹgba ni wọ́n dá fún un.

Gbogbo wa ni a mọ Bílálì àkọ́kọ́, ẹrú Umayyah tí wọ́n tẹ́ sórí yanrìn gbígbóná ní Mákà, tí wọ́n gbé òkúta lé láyà. Òun ni ó wá di ẹni tí ó ń pe ìrun fún Ànábì wa. Ẹ wo orúkọ tí bàbá arúgbó yìí yàn! Kò yan orúkọ ọba, kò yan orúkọ jagunjagun. Orúkọ ẹrú Ọlọ́hun ni ó jẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé: "Ààfáà, bí a bá rẹlẹ̀ jù, ayé yóò tẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Bí ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ bá ní kí á má kírun, àá kàn gbà." Rárá o. Ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe ojo. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Rákà 17 ni ó wà nínú ìrun ọ̀ranyàn lójúmọ́. Ìforíkanlẹ̀ méjì ni ó wà nínú rákà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 34. Ẹni tí ó bá fi iwájú orí kan ilẹ̀ ní ìgbà 34 fún Ọlọ́hun láàárọ̀ lálẹ́, tí ó sì mọ ohun tí ó ń ṣe, kò lè rí ẹ̀dá kan kí ó rò pé ọlọ́hun ni. Yóò fi sùúrù bá ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, yóò tọrọ àkókò, yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní àṣeyanjú, ṣùgbọ́n kò ní tà ìrun rẹ̀.

Aawẹ̀ náà ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ wo ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ níbi tí ó ti gba Ìkirè kọjá. Bí Ramadan bá dé, arìnrìn-àjò kò dẹ́kun àti máa ra dòdò Ìkirè, nítorí náà àwọn ìyá wa tí ń dín in kò lè pa iná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n dẹ̀, ata ti wọ̀ ọ́, epo ń hó, òórùn rẹ̀ gba títì kan. Ìyá Mùsùlùmí tí ó ti jí jẹ sàárì dìde nídìí iná yẹn láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, kò fi ẹyọ kan kan ẹnu. Kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Bí a bá bi í pé kí ni ìdúróṣinṣin, ó lè má rí àlàyé ṣe. Ohun tí ó ń ṣe ni àlàyé. Ànábì wa sì ti kìlọ̀ fún wa pé ọ̀pọ̀ aláàwẹ̀ ni kò ní rí nǹkan kan gbà nínú aawẹ̀ rẹ̀ ju ebi lọ. Ọmọ tí ó gba aawẹ̀ tí ó sì ń fi ìmọ̀ rẹ̀ bú irú ìyá bẹ́ẹ̀, kí ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ìwọ tí ìrun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ohun tí ń dá ọ dúró kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ nìkan. Ìgbéraga ni ó ń sọ fún ọ pé ojú yóò tì ọ́ bí wọ́n bá rí ọ ní mọ́sálásí lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, pé kí o kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe tán. Má dá a lóhùn. Ṣe àlùwàlá, kí o lọ dúró ní sàfù ìkẹyìn. Bẹ̀rẹ̀ láti ìrun tí ó bá kàn, má sì fi èyí tí ó tẹ̀ lé e sílẹ̀. Ànábì wa kọ́ wa pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a kò dáwọ́ rẹ̀ dúró, bí ó tilẹ̀ kéré.

Ìwọ tí ẹ̀sìn rẹ ti le, wo Ànábì Ibraheem. Òrìṣà ni bàbá rẹ̀ ń bọ. Bàbá tìrẹ ń kírun. Síbẹ̀, nínú Súúrà Maryam, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó pe ọkùnrin náà ní bàbá òun bí ó ti ń sọ òtítọ́ fún un. Nígbà tí bàbá náà ní òun yóò sọ ọ́ lókùúta, sàláámà ni ó fi dá a lóhùn, ó sì ní òun yóò tọrọ àforíjì fún un. Kò yẹsẹ̀ lórí òtítọ́, kò sì tàbùkù bàbá rẹ̀. Bí o bá fẹ́ kọ́ bàbá rẹ ní Fátíhà, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o kọ́ ọ. Òun ni ó kọ́kọ́ mú ọ lọ́wọ́ lọ sí ilé-kéú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ kò bá wọlẹ̀, atẹ́gùn díẹ̀ ni yóò wó o, bí ó ti wù kí ó ga tó. Inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò ń wà, ẹnikẹ́ni kì í rí i. Ìforíkanlẹ̀ ni gbòǹgbò tiwa.

Kí Ọlọ́hun fi ẹsẹ̀ wa rinlẹ̀ nínú ẹ̀sìn Rẹ̀. Kí Ó gba ìrun àti aawẹ̀ wa, kí Ó sì bá wa mú ìgbéraga kúrò nínú ọkàn wa. Kí Ó kẹ́ àwọn òbí wa tí wọ́n wà láàyè àti àwọn tí wọ́n ti lọ, àti àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun tí wọn kò padà wálé mọ́. Àmín.