Ibi tí Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ ń Gbé

Ìbánisọ̀rọ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ohun tí ó wà nínú ẹnì kan fi ń di mímọ̀ fún ẹlòmíràn nípa ọ̀rọ̀, àmì tàbí ìṣesí, dà bí ohun tí ó rọrùn títí di ìgbà tí a bá béèrè ibi tí ìtumọ̀ wà gan-an nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́, tí kò sì tíì yé ẹni tí ó ń gbọ́. Nínú ìwé ńlá kan tí John Locke, amòye ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ lórí òye ọmọ ènìyàn ní 1690, ó ṣàlàyé pé èrò ọkàn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró fún, àti pé nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè rí èrò ẹlòmíràn ni ènìyàn fi nílò àmì tí etí lè gbọ́. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa wo ọ̀rọ̀ bí ẹrù tí ẹnì kan dì, tí ó fi ránṣẹ́, tí ẹnì kejì sì tú, bí ẹni pé ohun tí a dì náà gan-an ni yóò bá níbẹ̀. Ní 1948, nígbà tí Claude Shannon ti ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà fi ìṣirò ṣàlàyé bí iṣẹ́ tí a rán ṣe lè gba ojú wáyà kọjá kí ariwo ojú ọ̀nà má bà á jẹ́, ó sọ ọ́ kedere níbẹ̀rẹ̀ pé ìtumọ̀ iṣẹ́ náà kò kan iṣẹ́ ti òun. Ìkìlọ̀ pàtàkì ni, ó sì dunni pé àwọn tí wọ́n mú àlàyé rẹ̀ wọ inú ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà sábà máa ń gbójú fò ó.

Àrokò, tí í ṣe iṣẹ́ tí àwọn Yorùbá ayé àtijọ́ ń fi ohun àfọwọ́kàn rán síra wọn dípò ọ̀rọ̀ ẹnu, fi hàn pé àlàyé ti ẹrù yìí kò tó. Bí owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ bá dé ọwọ́ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, ohun tí yóò kà nínú rẹ̀ ni pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun, nítorí pé ìró ọ̀rọ̀-ìṣe “fà” wà nínú ẹ̀fà tí í ṣe orúkọ iye náà. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá sì jọ, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò dá padà, nítorí ẹ̀jọ àti “jọ”. Ẹyọ méjì tí ó kọjú síra ń sọ nípa ìbárẹ́, èyí tí ó kẹ̀yìn síra sì ń sọ nípa ìjà. Ìránṣẹ́ lè gbé àrokò láti ìlú kan dé òmíràn láìmọ ohun tí ó wí, àjèjì tí kò gbọ́ Yorùbá sì lè kà á pé mẹ́fà ni ní èdè tirẹ̀ láìrí nǹkan kan níbẹ̀ ju owó lásán lọ. Okùn kò já, owó kò dín, síbẹ̀ ìtumọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmì nìkan ni ó rìnrìn àjò. Ìtumọ̀ kò kúrò lójú kan, nítorí inú èdè àti àṣà tí àwọn méjèèjì jọ ní ni ó ti wà kí a tó so okùn rárá.

Ó yẹ kí a kíyè sí bí èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. “Gbọ́” kan náà ni a ń lò fún ìró tí ó wọ etí, fún òórùn, fún èdè tí ó yéni àti fún ìgbọràn, tí ó fi jẹ́ pé gbígbọ́ kò parí sí etí. Nínú gbólóhùn “ọ̀rọ̀ náà yé Adé”, ọ̀rọ̀ ni olùwà, Adé ni àbọ̀: òye kì í ṣe ohun tí Adé fi agbára mú, ó jẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Bákan náà, ìyìn ọmọlúàbí nìkan ni a sábà máa ń rí nínú òwe tí ó ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún un, tí yóò di odindi bí ó bá dé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n òwe náà tún ṣàpèjúwe gbogbo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ, nítorí kò sí èyí tí ó jáde lẹ́nu ní odindi. Bí onílé bá sọ fún àlejò pé ilẹ̀ ti ṣú, ó lè jẹ́ pé ó ń rọ̀ ọ́ kí ó máa lọ ilé. Bí ìyá bá sọ ọ́ fún ọmọ tí ó ń ṣeré lóde, ó ń pè é wọlé. Bí arìnrìn-àjò bá sì sọ ọ́ fún ẹnì kejì rẹ̀, ó ń dá a lábàá pé kí wọ́n wá ibi sùn. Amòye kan, Paul Grice, kọ ọ́ ní 1957 pé ẹni tí ó ní ohun kan lọ́kàn láti sọ ń fẹ́ kí olùgbọ́ dá ète òun mọ̀, kí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ gba ohun tí òun ń wí. Olùgbọ́ ni ó ń sọ àbọ̀ di odindi.

Ìdí Ifá ni ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù lọ. Ẹni tí ó lọ dífá kì í sábà sọ ohun tí ó gbé e wá fún babaláwo. Ó máa ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó, babaláwo yóò sì lo ọ̀pẹ̀lẹ̀, tí í ṣe ẹ̀wọ̀n Ifá, tàbí ikin, tí í ṣe ekùrọ́ mímọ́ mẹ́rìndínlógún, títí ọ̀kan nínú 256 odù, tí í ṣe àmì Ifá, yóò fi jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò máa ki ẹsẹ Ifá tí ó wà nínú odù náà, ìyẹn ìtàn àwọn tí wọ́n ti dífá rí, ìṣòro wọn, ẹbọ tí a ní kí wọ́n rú àti ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀, ṣàkọsílẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1969 pé ẹni tí ó wá béèrè fúnra rẹ̀ ni ó ń dá ẹsẹ tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu mọ̀.

Àlàyé Locke ṣòro láti fi gbé èyí, nítorí èrò ọkàn ta ni ẹsẹ náà dúró fún? Kò lè jẹ́ ti babaláwo, ẹni tí kò mọ ìbéèrè. Onígbàgbọ́ yóò ní ti Ọ̀rúnmìlà, òrìṣà Ifá, ni, ẹni tí kò gbà á gbọ́ yóò sì ní kò sí èrò kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí àwọn méjèèjì gbà pé iṣẹ́ náà kò tíì jẹ́ títí ẹni tí ó jókòó níwájú Ifá yóò fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni a ń sọ. Èyí kò sọ pé bí ó ti wu olùgbọ́ ni ó lè túmọ̀ rẹ̀, nítorí ẹsẹ ní ààlà tirẹ̀, Ifá sì ní ìbò, tí í ṣe owó ẹyọ tí ó dúró fún bẹ́ẹ̀ ni àti egungun tí ó dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́, tí oníbèéèrè ń fi pamọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kí a lè tún ọ̀rọ̀ náà bi Ifá wò.

Ènìyàn àti ènìyàn kò ní ìbò láàárín ara wọn, ìbéèrè ni wọ́n ní. Láwùjọ Yorùbá, níbi tí ọ̀wọ̀ fún àgbà ti jẹ́ ara ọ̀rọ̀ sísọ, ọmọdé lè dáhùn pé ó ti yé òun nígbà tí kò yé e, kí ó má baà dà bí ẹni tí ó ń já àgbà ní koro, aláìsàn sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú dókítà, ìyẹn sì lè ná an ní ẹ̀mí rẹ̀. Nítorí náà, àgbà tí ó bá béèrè pé “Ṣé ó yé ọ?” kò tíì béèrè nǹkan kan, nítorí “bẹ́ẹ̀ ni” ṣáà ti wà lẹ́nu ọmọ náà tẹ́lẹ̀; èyí tí ó bá ní “Kí ni o gbọ́?”, tí ó sì dákẹ́ kí ọmọ náà fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ọ́ padà, ni yóò rí ibi tí àbọ̀ tí òun sọ dé.