Òkèèrè ni Olójú Jínjìn ti í Mẹ́kún Sun

Àwọn àgbà tí wọ́n pa á lówe pé òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun kò mọ Western Electric, ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà nígbà kan rí. Ibẹ̀ ni Walter Shewhart, ọ̀mọ̀ràn tí í mọ oyún ìgbín nínú ìkarahun, ti fa ìlà méjì sórí ìwé ní 1924: bí ìwọ̀n ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe bá wà láàárín wọn, kí òṣìṣẹ́ má fọwọ́ kàn án, bí ó bá ré wọn kọjá, kí ó wádìí kíákíá, kí irin àti owó tó ṣòfò. Àìfọwọ́kàn yẹn ni ó wù mí jù, nítorí àtúnṣe àṣejù a máa náni lówó. Ní 1950, Deming, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà kan, lọ fi ọgbọ́n náà kọ́ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní Jàpáànì.